Ohun tí Èrò Gbọ́ ní Màpó: Lámèyítọ́ Iṣẹ́ Ìwádìí Ìṣèlú lórí Adégòkè Adélabú

Ẹ̀ka Ẹ̀kọ́ Ìmọ̀ Ìṣèlú ní Yunifásítì Ìbàdàn kò jìnnà sí Ìbàdàn àtijọ́ ní ti ilẹ̀. Ẹni tí ó bá gba ẹnu ọ̀nà yunifásítì jáde, tí ó gba Mọ́kọ́lá kọjá, tí ó sì kọrí sí gúúsù, kò ní pẹ́ rárá kí ó tó máa wo òrùlé àwọn agbo ilé Bẹẹrẹ àti gbọ̀ngán Màpó tí ó ti wà lórí òkè láti ọdún 1929. Ní ti ìwé, ọ̀nà náà jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ. J. P. Mackintosh, tí ó ṣe olórí ẹ̀ka náà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, kọ ìwé lórí ìjọba àti ìṣèlú Nàìjíríà lápapọ̀, ó sì jáde ní 1966. Billy Dudley kọ tirẹ̀ lórí àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú ilẹ̀ Àríwá ní 1968. Lórí ìlú tí ó yí yunifásítì náà ká gan-an, iṣẹ́ tí ó ṣe pàtàkì jù lọ ni èyí tí Kenneth Post, tí ó ti jẹ́ olùkọ́ ní ẹ̀ka náà rí, àti George Jenkins, ọmọ Amẹ́ríkà tí ó wá ṣe ìwádìí lórí ìṣèlú Ìbàdàn, jọ kọ lórí ìgbésí ayé Adégòkè Adélabú. The Price of Liberty ni wọ́n pe ìwé náà. Iléeṣẹ́ ìtẹ̀wé Yunifásítì Cambridge ni ó gbé e jáde ní 1973.

Ìwé ńlá ni. Kò sí ẹni tí ó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìṣèlú Ìbàdàn tí ó lè fò ó. Ó tọ ipasẹ̀ Adélabú láti ìgbà tí wọ́n bí i ní 1915, dé ilé ẹ̀kọ́ Government College ní Ìbàdàn àti Higher College ní Yábàá, dé ẹnu iṣẹ́ UAC, dé inú rògbòdìyàn tí àwọn ìjòyè gbé dìde sí Sàlámì Àgbájé láti 1949, dé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ó bá a dé ipò alága Ìgbìmọ̀ Àgbègbè Ìbàdàn ní 1954 àti ipò mínísítà ìjọba àpapọ̀ ní 1955. Ó bá a dé iwájú E. W. J. Nicholson, akọ̀wé ìlú Abingdon ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n gbé wá láti tú iṣẹ́ ìgbìmọ̀ náà wò, títí Adélabú fi kọ̀wé fi ipò méjèèjì sílẹ̀ ní 1956. Ó sì bá a dé ojú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, níbi tí ìjàm̀bá ọkọ̀ ti pa á ní ọjọ́ 25, oṣù Kẹta, 1958. Àwọn òǹkọ̀wé méjèèjì kò sọ ọ́ di òrìṣà, wọn kò sì sọ ọ́ di ọ̀daràn. Irú sùúrù bẹ́ẹ̀ kò wọ́pọ̀. Nínú ìgboro Ìbàdàn, ẹni tí ó fẹ́ràn Adélabú kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ Nicholson, ẹni tí ó sì gba ti Nicholson gbọ́ kì í fẹ́ mọ ìdí tí ìlú fi dàrú nígbà tí ọkùnrin náà kú.

Àríyànjiyàn tí ó wà nínú bébà yìí kò ní í ṣe pẹ̀lú pé bóyá ìwé náà parọ́ tàbí pé ó fi nǹkan pamọ́. Ohun tí ó wà níbẹ̀ ni pé ìwé náà mọ Adélabú dáadáa nígbà tí ó bá jókòó ti tábìlì, tí ó ń kọ̀wé. Kò mọ̀ ọ́n tó bẹ́ẹ̀ nígbà tí ó bá dúró ní Màpó, tí ó ń sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ìwé kíkọ ni ó sọ ọ́ di ẹni tí ó jẹ́. Bí ó bá sì jẹ́ pé ọ̀rọ̀ tí ó sọ ni èrò fi tẹ̀ lé e, ìwádìí tí kò bá tú ọ̀rọ̀ náà wò ní èdè tí wọ́n fi sọ ọ́ yóò máa wá ìdí tí èrò fi tẹ̀ lé e sí ibòmíràn: yóò wá a sí inú ìwà Adélabú fúnra rẹ̀, tàbí sí inú ohun tí ó ń pín. Ibi méjèèjì náà ni iṣẹ́ àwọn onímọ̀ ìṣèlú lórí Ìbàdàn sì ti wá a.

Ohun tí ó fà á kò ṣòro láti rí. Adélabú jẹ́ ẹni tí kì í fi kálàmù sílẹ̀. Ó kọ lẹ́tà, ó kọ ètò, ó kọ èrò ọkàn rẹ̀ sílẹ̀, ó sì ní àpótí ìwé tí ó pọ̀. Àwọn ìwé wọ̀nyí ni òpó tí ó gbé The Price of Liberty ró, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó sì kún inú wọn. Ìwé tí òun fúnra rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 1952, Africa in Ebullition, Gẹ̀ẹ́sì gidi ni, irú Gẹ̀ẹ́sì tí ẹni tí ó ka ìwé mẹ́wàá yóò tún wá atúmọ̀ èdè sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ó tó kà á. Orúkọ ìwé náà nìkan tó láti lé alájàpá Ọjà'ba sá. Láàárín àwọn tí wọ́n dìbò fún Adélabú ní 1954, àwọn tí wọ́n lè ka ojú ewé kan níbẹ̀ kò lè pọ̀. Nítorí náà, ìwé àdáni Adélabú àti ìwé tí ó tẹ̀ jáde fi ọkàn ẹni tí ó ń bá àwọn ọ̀mọ̀wé ẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn aláṣẹ òyìnbó, àti bóyá ara rẹ̀, sọ̀rọ̀ hàn. Ẹni tí ó ń bá alápatà, alágbẹ̀dẹ àti ìyá aláṣọ sọ̀rọ̀ kò sí nínú àpótí náà.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rò pé ní ìgbà náà kò sí àpẹẹrẹ pé ó ṣeé ṣe láti kọ ìṣèlú Ìbàdàn sílẹ̀ ní èdè Yorùbá. Ní 1911 ni Isaac Babalọlá Akínyẹlé ti tẹ Ìwé Ìtàn Ìbàdàn jáde. Ìwé ìtàn ni, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ oyè, ogun, ọ̀tẹ̀ àti ìpínyà láàárín àwọn ológun ni ó kún inú rẹ̀. Kí tún ni ìṣèlú? Akínyẹlé yìí kan náà ni ó jẹ Olúbàdàn ní 1955, ọdún tí Adélabú wà ní orí àga ìgbìmọ̀ ní Màpó. Ẹni tí ó fi Yorùbá kọ ìtàn ìlú wà lórí oyè, ẹni tí ó fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ìwé sì wà lọ́dọ̀ àwọn mẹ̀kúnnù. Àwọn onímọ̀ ìṣèlú ka Akínyẹlé gẹ́gẹ́ bí ibi tí ènìyàn ti lè rí ọjọ́ àti orúkọ. Wọn kò kà á gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ti ń ṣe irú iṣẹ́ tí àwọn náà ń ṣe.

Ibi tí àléébù náà ti hàn jù lọ ni orí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ Adélabú. Ìtàn tí ó wà lẹ́nu gbogbo ìgboro ni pé ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Ìwọ̀ Oòrùn ni Adélabú ti pe ọ̀ràn kan ní peculiar mess. Àwọn tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì gbá ọ̀rọ̀ náà mú, wọ́n ní pẹ́ńkẹ́lẹ́mẹ́ẹ̀sì. Nínú iṣẹ́ àwọn onímọ̀ ìṣèlú, ẹ̀rín ni wọ́n sábà máa ń fi ìtàn yìí rín, wọ́n á sì kọjá lọ: àpẹẹrẹ pé akọni náà mọ Gẹ̀ẹ́sì sọ, àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ kò sì gbọ́ ọ. Ẹni tí ó bá jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ èdè kò yẹ kí ó tètè kọjá lọ bẹ́ẹ̀.

Lákọ̀ọ́kọ́, ìró ọ̀rọ̀ náà. Èdè Yorùbá kì í fi kọ́ńsónáǹtì parí ọ̀rọ̀, nítorí náà fáwẹ̀lì ìparí jẹ́ dandan. Ṣùgbọ́n kò sí òfin kan tí ó ní kí àránmúpè wọ inú ọ̀rọ̀ náà, kò sì sí èyí tí ó ní kí fáwẹ̀lì kan náà máa tẹ̀ lé ara rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ títí ó fi ku sílébù kan. Ohun tí ó jáde kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì tí ó bàjẹ́. Ó dún bí àwọn ọ̀rọ̀ aṣàpèjúwe gígùn tí Yorùbá fi máa ń ya àwòrán ohun tí kò rí gúnmọ́, ohun tí ó ń yí gbirigbiri bọ̀ láti orí òkè. Àwọn tí wọ́n pè é bẹ́ẹ̀ fún un ní ìrísí tí ó bá ìtumọ̀ rẹ̀ mu. Ìyẹn ni pé wọ́n mọ ìtumọ̀ rẹ̀, tàbí kí ó jẹ́ pé wọ́n fún un ní ọ̀kan tí ó tọ́.

Lẹ́ẹ̀kejì, ohun tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà ṣe. Wọ́n fi sọ Adélabú lórúkọ. Ẹni tí ó pe àwọn mìíràn ní onírúdurùdu ni ìlú wá ń kí ní Pẹ́ńkẹ́lẹ́mẹ́ẹ̀sì, tí inú òun náà sì dùn sí i. Bí ó bá jẹ́ àṣìgbọ́ lásán, kò sí ìdí tí yóò fi di oyè. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ oríkì àwọn ológun Ìbàdàn mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni oríkì ti ń ṣe. Ohun tí ó bá ń ba ọ̀tá lẹ́rù, ohun tí ará ilé pàápàá ń kùn sí, inú oríkì ni ó máa ń bọ́ sí, yóò sì di ohun ìgbéraga. Ìlú náà fúnra rẹ̀ ní oríkì tí ó ka ìjà ìgboro sí àrùn tirẹ̀. Oríkì yẹn ni Ruth Watson yí sí Gẹ̀ẹ́sì tí ó fi ṣe àkọlé ìwé rẹ̀ lórí oyè àti ìlú Ìbàdàn ní 2003. Pẹ́ńkẹ́lẹ́mẹ́ẹ̀sì bá oríkì yẹn mu régí. Èrò Màpó mú ọ̀rọ̀ àwọn aṣòfin, wọ́n gbé e kúrò nínú ilé ìgbìmọ̀, wọ́n sì tò ó sí ibi tí àwọn bàbá wọn ti ń to irú rẹ̀ sí. Ọ̀rọ̀ náà kò sì kú pẹ̀lú ẹni tí ó jẹ́ ẹ. Wole Soyinka fi í sí orí ìwé tí ó kọ nípa Ìbàdàn ní 1994, àwọn tí wọn kò mọ Adélabú rí sì ń fi í pe rògbòdìyàn èyíkéyìí.

Orúkọ ẹgbẹ́ náà ń kọ́? Mábọlájẹ́ ni ẹgbẹ́ Adélabú, ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ tí ó darapọ̀ mọ́ ọn sì ni Máyégún. Nínú ìwé àwọn onímọ̀ ìṣèlú, àmì ìdánimọ̀ ni orúkọ méjèèjì sábà máa ń jẹ́, bí ẹni ń ka lẹ́tà NCNC. Gbólóhùn odidi ni wọ́n sì jẹ́. Má ba ọlá jẹ́: ọlá ta ni? Ọlá àwọn ìjòyè ni, àwọn tí òfin ìjọba ìbílẹ̀ 1952 ń gba agbára lọ́wọ́ wọn láti fi í fún àwọn tí a dìbò yàn. Mú ayé gún: ayé ta ni ó wọ́? Ayé àwọn olóko kòkó ni, tí ìjọba ní kí wọ́n gé igi wọn nítorí àrùn. Nígbà náà, ẹni tí ó ń jẹ́ Rúdurùdu ni ó ṣe olórí ẹgbẹ́ tí ń jẹ́ Má-ba-ọlá-jẹ́, tí ẹgbẹ́ Mú-ayé-gún sì tì í lẹ́yìn. Ẹni tí ó bá gbọ́ Yorùbá kò lè gbọ́ orúkọ mẹ́ta yìí pọ̀ kí ó má bèèrè bí wọ́n ṣe bá ara wọn mu. Èrò tí ó pé jọ sí Ọjà'ba gbọ́ wọn pọ̀, wọn kò sì rí ohun tí kò bá ara mu níbẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n gbà rò ó yẹn, pé ó di dandan kí ẹnì kan da ilé aṣòfin rú kí ọlá ìlú má baà bàjẹ́, ni ohun tí ó yẹ kí ìwádìí ìṣèlú wá. Kò sí ohun tí ó sún mọ́ ọn ju orúkọ wọ̀nyẹn lọ.

Dípò èyí, Post àti Jenkins fi ìwà ẹni àti ìṣèlú ṣe àkọlé kejì ìwé wọn. Ẹni ni wọ́n fi ṣáájú. Ní ti wọn, akọni kan wà tí ọkàn rẹ̀ ń gbóná, tí ó fẹ́ ipò, tí ó fẹ́ ìyìn, ìlú kan sì wà tí ó bá a lákòókò. Òótọ́ wà níbẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó lè sọ pé Adélabú kò yàtọ̀. Ṣùgbọ́n ta ni ó sọ ọ́ di ẹni ńlá? Karin Barber, tí ó ṣe olùkọ́ ní Ifẹ̀ fún ọdún mélòó kan, fi hàn nínú ìwé tí ó kọ lórí oríkì Òkukù ní 1991 pé ènìyàn ni ó ń gbé ènìyàn ga: bí àwọn tí ó yí ènìyàn ká bá kọ̀ láti pè é, tí wọn kò kì í, tí wọn kò wá sí ilé rẹ̀, ńlá náà ti parí. Bí a bá gbé ìmọ̀ yìí dé Ìbàdàn, ìbéèrè yóò yí padà. Kò ní jẹ́ pé irú ẹni wo ni Adélabú tí èrò fi tẹ̀ lé e, bí kò ṣe kí ni èrò náà ń ṣe nígbà tí wọ́n ń gbé e ga.

Ìbàdàn pàápàá ni ó yẹ kí wọ́n ti bèèrè bẹ́ẹ̀. Ibùdó ogun ni ìlú náà ní 1829, níbi tí ọmọ Ọ̀yọ́, ọmọ Ifẹ̀, ọmọ Ìjẹ̀bú àti ọmọ Ẹ̀gbá ti dàpọ̀. Kò ní ìdílé ọba. Ológun ni ènìyàn máa ń tọ̀ lọ, tí yóò sì di ọmọ ogun rẹ̀. Ológun tí ọmọ ogun bá fi sílẹ̀, oyè kò ní lè dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ìlú tí Ìbàdàn ṣẹ́gun pàápàá ní babaogun nínú Ìbàdàn, ẹni tí ń bá wọn sọ̀rọ̀ níwájú ìgbìmọ̀. Bọ́láńlé Awẹ́ àti Tóyìn Fálọlá ti kọ èyí yékéyéké. Títẹ̀lé ènìyàn ní Ìbàdàn jẹ́ yíyàn, ó sì jẹ́ ìdájọ́. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ìṣèlú wá gbé àjọṣe ọ̀gá àti ọmọ ẹ̀yìn wá láti inú ìwé tí wọ́n kọ nípa ilẹ̀ mìíràn, tí wọ́n sì ní ohun tí ọ̀gá ń fún ọmọ ẹ̀yìn ni okùn tí ó so wọ́n pọ̀, ìdájọ́ yẹn ni ó bọ́ sílẹ̀. Àpẹẹrẹ rẹ̀ hàn nígbà tí Ọmọbọ̀wálé àti Olútáyọ̀, tí àwọn jẹ́ onímọ̀ ìbágbépọ̀ ẹ̀dá ní Ìbàdàn, kọ̀wé ní 2007 lórí Làmídì Adédibú. Iṣẹ́ wọn péye, nítorí pé ní Mọ̀lété, ní ọ̀dọ̀ Adédibú, ohun pípín wà ní gbangba, oúnjẹ sì ń hó lórí iná. Ohun tí kò tọ́ ni kí ẹnikẹ́ni ti ibẹ̀ wo ẹ̀yìn, kí ó sọ pé irú kan náà ni Adélabú. Ohun tí Adélabú fi pe èrò jọ ni owó orí tí wọ́n ń san. Ẹni tí a pè wá jẹun àti ẹni tí a pè wá gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ná owó rẹ̀ kì í ṣe ẹnì kan náà.

Ọ̀rọ̀ owó orí yìí ni ó mú kí iṣẹ́ Christopher Beer yẹ fún ìyìn. Lórí àwọn Àgbẹ̀kọ̀yà ni ó kọ ọ́, iléeṣẹ́ ìtẹ̀wé Yunifásítì Ìbàdàn sì tẹ̀ ẹ́ ní 1976. Ní oṣù Kọkànlá 1968, Màpó yìí kan náà ni àwọn tí wọ́n ń kọ owó orí kọlù, ìbọn dún, ẹ̀mí sì bọ́. Ohun tí àwọn àgbẹ̀ ní àwọn yóò san ni ọ̀kẹ́ mẹ́fà. Onímọ̀ tí ó bá yára yóò yí i sí pọ́n-ùn kan àti sílè mẹ́wàá, yóò sì kọjá. Ìṣirò náà tọ̀nà, nítorí sílè márùn-ún ni ọ̀kẹ́ kan. Ṣùgbọ́n ní 1968, owó ẹyọ ti kúrò lọ́jà láti ọjọ́ pípẹ́. Àwọn tí ń fi pọ́n-ùn ta kòkó, tí ń fi pọ́n-ùn ra aṣọ, ni wọ́n padà sí iye owó ẹyọ nígbà tí wọ́n fẹ́ sọ iye tí ó tọ́ fún ìjọba láti gbà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ń ka owó ìjọba pẹ̀lú òṣùwọ̀n tí ó ti wà kí ìjọba náà tó dé. Beer kò yí gbogbo èyí wò, ṣùgbọ́n ó kọ ohun tí àwọn ènìyàn náà sọ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, ìyẹn ni ó sì jẹ́ kí ẹlòmíràn lè yí i wò lẹ́yìn rẹ̀. Gavin Williams náà ti ṣe ohun tí ó jọ ọ́ ní 1974 nínú ohun tí ó kọ nípa àwọn òtòṣì Ìbàdàn, tí ó fi mẹ̀kúnnù sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí mẹ̀kúnnù.

Ó ku Peter Ekeh, ẹni tí bébà rẹ̀ ti 1975 lókìkí ju gbogbo ohun tí ẹ̀ka náà ti gbé jáde lọ. Ó ní ìjọba amúnisìn fi àwùjọ ìlú méjì sílẹ̀ fún ọmọ Áfíríkà: ọ̀kan tí ó ti inú ẹbí àti ìran wá, tí ènìyàn ń fi òtítọ́ sìn, àti ọ̀kan tí ó ti ọwọ́ òyìnbó wá, tí ènìyàn lè jà lólè tí ẹnikẹ́ni kò ní bá a wí. Olùgbọ́ Yorùbá kò ní í ṣe kàyéfì. Ìlú àti ìjọba ni wọ́n ń pe méjèèjì, ọjọ́ sì ti pẹ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń sọ pé ènìyàn kì í ṣe iṣẹ́ ìjọba kí ó làágùn. Ṣùgbọ́n bí tíọ́rì náà bá dé Màpó, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò yẹ̀ díẹ̀. Ìlú Ìbàdàn kò ti inú ẹ̀jẹ̀ kan wá. Àwọn tí ó tọ ológun lọ ni wọ́n dá a sílẹ̀, láàárín ìran díẹ̀ péré ṣáájú òyìnbó. Àti pé ní 1954, àwọn ọmọ agbo ilé wọ gbọ̀ngán ìjọba lọ pẹ̀lú ìbò, wọ́n sì fi ẹni tiwọn jókòó níbẹ̀. Wọ́n fẹ́ kí ìjọba di ti ìlú. Ohun tí Nicholson rí ní 1956, ìwà àìtọ́ lórí owó àti iṣẹ́, ṣeé kà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí fún Ekeh. Ṣùgbọ́n ìgbìyànjú tí ó ṣáájú rẹ̀ kò ní ibùgbé nínú tíọ́rì náà.

Àwọn kan yóò ta ko èyí, ó sì tọ́ kí a gbọ́ tiwọn. Wọn yóò ní ohun tí ó wà lẹ́nu kì í ṣe ẹ̀rí, pé láti ọjọ́ tí Adélabú ti kú ni ìtàn rẹ̀ ti ń ga sí i, débi pé kò sí ẹni tí yóò lè yọ Adélabú kúrò lára àlọ́ Adélabú mọ́. Òótọ́ ni. Àhesọ pé ọwọ́ ọ̀tá wà nínú ikú náà wà lára ohun tí ó da ìgboro rú ní 1958, tí wọ́n fi pa ènìyàn, tí àwọn agbowó orí sì wà lára àwọn tí ó kú. Kò sí oríkì tí ó lè fọ ẹ̀jẹ̀ yẹn nù. Oríkì kì í sì í ṣe ìwé ìṣirò owó. Ohun tí Nicholson rí nínú ìwé ìgbìmọ̀ kò lè torí pé ènìyàn ń kì ẹni tí ó ṣe é di asán. Lámèyítọ́ tí ó bá sọ pé kí wọ́n fi ẹnu mẹ̀kúnnù rọ́pò fáìlì ń tan ara rẹ̀ jẹ. Ohun tí ó wà nílẹ̀ ni pé fáìlì ń dáhùn ìbéèrè kan, ọ̀rọ̀ Màpó ń dáhùn òmíràn, ẹ̀ka náà sì fi ìdáhùn àkọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè kejì.

Àwọn mìíràn á ní Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ fún irú iṣẹ́ yìí. Kò pẹ́ púpọ̀ tí wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀ nípa fíìsìsì àti ìṣirò pẹ̀lú. Ìlú, ìjọba, ọlá, mọ́gàjí, babaogun, mẹ̀kúnnù, ọ̀tẹ̀, ìmọ̀: ẹni tí ó bá lè fi ọ̀rọ̀ mẹ́jọ yìí ṣe àlàyé bí wọ́n ṣe yí sọ́tùn-ún sósì láàárín 1829 àti 1958 ti kọ ìwé tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ.

Àwọn ìwé Adélabú wà ní ilé ìkàwé Kenneth Dike nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Níbẹ̀ náà ni ìwé ìrántí ojoojúmọ́ Akínpẹ̀lú Ọbísẹ̀san wà, Gẹ̀ẹ́sì ni òun náà. Akẹ́kọ̀ọ́ lè bèèrè fún wọn ní àárọ̀, kí ó sì ti máa kà wọ́n kí oòrùn tó mú. Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ogún ọdún ní Ọjà'ba ní oṣù Kẹta 1958 ti kọjá ọgọ́rin ọdún. Wọn kò pọ̀ mọ́ ní agbo ilé Bẹẹrẹ, ní Bẹyẹrúnká, ní Òkè Olúòkun níbi tí Adélabú ti wá. Ohun tí ó yẹ kí wọ́n bi wọ́n kò ní ju mélòó kan lọ: kí ni ó sọ, báwo ni ó ṣe bẹ̀rẹ̀, kí ni ẹ dá a lóhùn, ta ni ó kọ́kọ́ pè é ní Pẹ́ńkẹ́lẹ́mẹ́ẹ̀sì létí yín. Kí wọ́n kọ ìdáhùn náà sílẹ̀ bí ó ṣe jáde lẹ́nu, kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí yóò dúró fún un.